Ojú irin rélùwéè kékeré àti ẹ̀rọ ultrasonic: kí ló yẹ kó wọ inú rẹ̀?

Ìbéèrè láti Ọ̀fà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó ló kó rélùwéè kékeré rẹ̀ wálé fún mi: ojú irin páálí kan, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, àti wágúnù mélòó kan. Ó ti pẹ́ nínú páálí. Ojú irin ti dúdú. Tí mo bá taná sí i, ẹ́ńjìnnì á sún díẹ̀, á dúró, àfi kí n fọwọ́ tì í. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa ní kí n kó gbogbo rẹ̀ wá, pé òun á dà á sínú ẹ̀rọ ultrasonic òun, èyí tó ń fi gbígbọ̀n inú omi fọ nǹkan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹlòmíràn ní kí n má náwó, kí n lọ ra sanpépà. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

Má tíì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Má sì ra sanpépà.

Ẹ̀rọ yẹn dára, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lábẹ́ abọ́ irin tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n lẹ ohun kan mọ́ tó máa ń gbọ̀n tí iná bá ti dé ara rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà ń gbọ̀n nígbà 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ènìyàn kì í sì í gbọ́ kọjá nǹkan bíi 20,000. Gbígbọ̀n yẹn ló ń mú kí ìhó tíntìntín máa yọ nínú omi, kí wọ́n sì máa bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti bẹ́ lára irin, wọ́n á ṣí ìdọ̀tí kúrò níbẹ̀, títí kan ìdí eyín jíà tí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ò lè dé láéláé.

Ohun tó kàn lẹ̀ mọ́ irin ni ó ń ṣí: ọ́ìlì àtijọ́, eruku, irun, òwú kápẹ́ẹ̀tì. Dúdú orí réèlì yàtọ̀. Bí táyà ṣe ń yí lórí réèlì ni iná kéékèèké ń ta láàárín wọn, tí ojú irin ń jó díẹ̀díẹ̀, tí ohun tó jó náà ń pò mọ́ ọ́ìlì àti eruku. Ẹ̀rọ á gbé ọ́ìlì àti eruku lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti jó mọ́ ara irin kò ní lọ tán. Àti pé aṣọ funfun kan àti ọwọ́ rẹ á ṣe iṣẹ́ yẹn lórí réèlì kí omi inú ẹ̀rọ tó lọ́wọ́ọ́rọ́.

Kí o tó ṣe ohunkóhun, mọ irú réèlì tí o ní. Mú mágínẹ́ẹ̀tì, kódà ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́, kí o fi kàn án. Tó bá gbé e, irin gidi ni, omi á sì mú un dípẹtà. Tí kò bá gbé e, tó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, idẹ ni. Tí kò bá gbé e, tó sì funfun díẹ̀, àpòpọ̀ bàbà, níkẹ̀lì àti síǹkì ni, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò jù láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Irú èyí ni mo rò pé ti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ máa jẹ́, àmọ́ fi mágínẹ́ẹ̀tì wò ó.

* * *

Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn sanpépà ti dáhùn, wọ́n sì pọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé sanpépà kíkúnná kì í pa irin lára, pé ó yá, pé ó dán, pé owó tí kò tó nǹkan ni.

Ó dán lóòótọ́, ní ọjọ́ tí o ṣe é. Mo ta kò ó síbẹ̀. Sanpépà máa ń ha réèlì, bó ti wù kó kúnná tó, inú ojú híha yẹn sì ni ìdọ̀tí tuntun ń sá sí, níbi tí aṣọ ò ti ní lè kó o. Ẹni tó bá fi sanpépà nu ún lóṣù yìí á tún nu ún lóṣù tó ń bọ̀, á sì máa ṣe é títí. Kànrìnkàn onírin ló tún burú jù: wóróbo irin tó ń já lára rẹ̀ á fò lọ lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tọ̀ ẹ́ńjìnnì, yóò sì so ibi tí kò yẹ kí iná so pọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá gba irú èyí sínú, àfi kí a tú u.

Ibì kan ṣoṣo tí mo gbà fún sanpépà ni réèlì onírin tó ti dípẹtà tán. Èyí ti bàjẹ́ ná, kò sí ojú dídán tí a ń dáàbò bò mọ́.

Ẹnì kan kọ̀wé láti Òmù-Àrán pé írésà ọmọ ilé ìwé ni òun ń lò. Mo fara mọ́ ìyẹn dáadáa. Írésà rírọ̀ ń gbé dúdú kúrò láìha irin, kìkì pé kí ẹ gbá ẹ̀yọ rẹ̀ kúrò láàárín réèlì kí ọkọ̀ tó kọjá, torí ó máa ń wọ inú jíà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti ẹni tó ní òun da bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ ultrasonic òun, pé ó fọ̀ ju ọṣẹ lọ: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Mò ń bẹ̀ yín.

Ẹ̀rọ yìí ń gbóná, ìbáà ní hítà tàbí kó má ní. Gbígbọ̀n nìkan tó láti mú ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ọ́rọ́. Bí bẹntiróòlù bá sì ti ń gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á máa jáde, afẹ́fẹ́ yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìdí ẹ̀rọ ló máa sọ̀kalẹ̀ lọ, níbi tí wáyà àti swíìṣì wà. Iná kékeré kan péré ló kù. Bákan náà ni tínà, bákan náà ni síípírìtì. Kẹrosíìnì kì í tètè gbiná tó wọn, àmọ́ ta ni nínú wa tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé èyí tí òun rà létí ọ̀nà kò ní bẹntiróòlù nínú? A mọ ohun tí kẹrosíìnì tí wọ́n lú ti fojú àwọn ènìyàn rí nínú ilé wọn.

Omi ni kó wà nínú abọ́ ẹ̀rọ. Kó ohun tí ẹ fẹ́ fọ̀ sínú ìgò kékeré, ẹ da omi tó ní ẹ̀kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, kí ẹ wá gbé ìgò náà sínú omi inú ẹ̀rọ. Gbígbọ̀n náà ń gba inú gíláàsì kọjá dáadáa. Ike rírọ̀ ni kì í jẹ́ kó kọjá, ẹ má lo ike. Ọ̀nà yìí tún ń jẹ́ kí síkúrúù má sọnù, ìdọ̀tí á sì wà nínú ìgò, abọ́ ẹ̀rọ ò ní dọ̀tí.

Bílíìṣì ńkọ́? Rárá. Ó ń jẹ abọ́ irin ẹ̀rọ náà, ó ń lu ojú rẹ̀ ní ihò kéékèèké.

Ọsàn wẹ́wẹ́ sì tún wọ ọ̀rọ̀. Ìyá wa kan láti Ìlọrin ní ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ idẹ nílé wọn láti ìgbà èwe òun, kí ló dé tí a ò lè fi fọ réèlì onídẹ? Òótọ́ ni ìyá wa sọ, ìkan inú ọsàn ń bọ́ dúdú lára idẹ. Ṣùgbọ́n àwo idẹ nípọn, a sì máa ń fọ̀ ọ́ dánu lẹ́yìn rẹ̀. Réèlì tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ike ló sì gbé e dúró, omi ọsàn á sá sábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣe é fọ̀ kúrò, ibẹ̀ á sì yọ àwọ̀ ewé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwo, mà.

* * *

Táyà àti jíà ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí àbúrò mi tó wà ní Ọ̀fà ti bẹ̀rẹ̀, torí ó dá mi lójú pé ìdajì wàhálà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Dojú ẹ́ńjìnnì dé, wo ibi tí táyà ti ń kan réèlì. Wàá rí ìdọ̀tí dúdú tó dì yí i ká. Èékánná lè gbé díẹ̀ nínú rẹ̀. Iná kì í gba inú ìdọ̀tí yẹn kọjá, ó sì ń jábọ́ sórí réèlì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹni tó nu réèlì láìfọ táyà kò tíì ṣe nǹkan kan.

Tú táyà kúrò, pẹ̀lú jíà tó bá ṣe é tú. Ya àwòrán rẹ̀ kí o tó tú u, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ. Rọ́bà kékeré máa ń wà lára táyà kan tàbí méjì, òun ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì di réèlì mú: fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́. Tó bá ti wú tàbí tó ti gbẹ, má dá a padà, wá tuntun. Fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ọ̀pá táyà kọ̀ọ̀kan rọ̀ sínú ìgò kí wọ́n má máa gbá ara wọn. Ìgò náà ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ abọ́ ẹ̀rọ, gbé e lé asẹ́ tó bá ẹ̀rọ wá. Tí nǹkan bá jókòó sórí ilẹ̀ abọ́, ó ń pa ohun tó ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀ lára.

Kí omi lọ́wọ́ọ́rọ́ tí ọwọ́ gbà, nǹkan bíi 40 sí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìsí nǹkan nínú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi jáde, torí afẹ́fẹ́ yẹn ń bomi paná agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà gbé ìgò sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Ọ́ìlì àtijọ́ tó ti dì bí oje igi nídìí eyín jíà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde ní fọ́nrán-fọ́nrán dúdú, á máa rọra rọ̀ lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí kò bá tú jáde mọ́, ó tó. Tó bá ṣì kù, pààrọ̀ omi inú ìgò, fi ìṣẹ́jú mẹ́ta mìíràn kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá léraléra láìwò ó kò bójú mu.

Ṣàn án, gbọ̀n ọ́n, fi fáànù gbẹ ẹ́. Má sá jíà oníke sóòrùn. Gbogbo ọ́ìlì ló ti lọ báyìí, ẹ̀rọ ò mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó ti bàjẹ́, torí náà àfi kí o kán ọ́ìlì tuntun sí i: orí abẹ́rẹ́ ni kí o fi mú un, ẹ̀kán tó kéré jù lọ, sí ìdí ọ̀pá àti eyín jíà nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da ọ́ìlì sí i bí ẹni ń sè é, ọ́ìlì yẹn náà ló ń padà ṣàn sórí réèlì.

* * *

Àríyànjiyàn tó gùn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé kí á gbé odindi ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀?

Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni ń sọ pé àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń fi ẹ̀rọ kan náà fọ bọ́ọ̀dù fóònù tó bọ́ sómi, fóònù náà sì ń jí. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ lọ dúró ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa, kí ẹ wò ó. Á yọ máíkì àti kámẹ́rà kó tó gbé bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, ohun tó ń lò kì í ṣe omi ọṣẹ, á sì gbẹ ẹ́ dénú kó tó taná sí i. Ẹni tó ní kí o da gbogbo páálí rẹ dà sínú abọ́ kan ṣoṣo kò tíì ronú débẹ̀.

Mọ́tọ̀ iná tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ni mo ń bẹ̀rù fún jù. Bọ́ṣì tó gbé ọ̀pá rẹ̀, ìyẹ̀fun irin onídẹ ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ ṣe é nínú ọ̀pọ̀ wọn, ihò tíntìntín wà lára rẹ̀ tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ìhó inú ẹ̀rọ yìí á fa ọ́ìlì náà jáde. Mọ́tọ̀ á yí, inú rẹ á dùn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Omi tún lè jókòó sínú wáyà rẹ̀.

Ara ọkọ̀ tí wọ́n kùn, tó ní nọ́ńbà àti orúkọ lára, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́: ọ̀dà lè ṣí, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn á ká. Táyà oníke tí wọ́n kàn fi nǹkan dídán bò, bíbò yẹn lè bó. Irin síǹkì tí wọ́n dà, tó ti ń sán tàbí tó ti ń wú, má gbé e sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Kò sí ẹni tó lè tún èyí ṣe tó bá ti fọ́.

* * *

Ẹnì kan yà bàrá díẹ̀, mo sì fẹ́ dá a lóhùn: ó ní ọjọ́ kan òun fẹ́ kọ́ téṣàn Ọ̀fà ní kékeré, ṣé irú ojú irin òyìnbó yìí á ṣe é lò?

Á ṣe é lò, inú mi sì dùn pé o béèrè. Ọ̀nà rélùwéè wa tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin ní 1908, Jẹ́bà ní 1909. Ìbú rẹ̀ láti réèlì kan sí èkejì jẹ́ mílímítà 1,067, ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti òyìnbó tó jẹ́ 1,435 lọ. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù, èyí tí HO àti OO, irú ìwọ̀n rélùwéè kékeré méjì, jọ ń lò, jẹ́ mílímítà 16.5. Tí o bá kọ́ ọkọ̀ àti téṣàn rẹ ní ìdá kan nínú 64, tí o sì gbé e lé 16.5 yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti wa mu géẹ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní New Zealand náà nìyẹn, torí 1,067 ni tiwọn. Ojú irin inú páálí yẹn lè di ti Ọ̀fà, ìdí sì nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sanpépà bà á jẹ́.

* * *

Omi. Omi bọ́hò ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa ń fi funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ, ẹ wo ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù yín. Funfun yẹn á kù sára táyà bákan náà, kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Omi bátìrì tí àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò ń tà ló dára jù fún ṣíṣàn ìkẹyìn: mo ní omi o, kì í ṣe ásíìdì, ẹ ka ara ike kí ẹ tó sanwó. Omi òjò tí a gbè lẹ́yìn tí òjò ti fọ òrùlé dáadáa náà dára.

Ọyẹ́ ńkọ́? Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kejì, eruku á máa wọlé gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ fi aṣọ bo ojú irin tí ẹ ò bá lò ó. Èyí ṣe pàtàkì fún wa ju ẹ̀rọ ultrasonic èyíkéyìí lọ.

* * *

Ó wá kan réèlì fúnra rẹ̀. Kí la máa fi nù ún?

Síípírìtì lọ̀pọ̀ dárúkọ. Ó ń fọ̀, mi ò jiyàn. Ohun tí àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ rélùwéè kékeré ń sọ ni pé kì í pẹ́ tí dúdú fi ń padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan, dielectric constant, tí wọ́n fi ń ya àwọn ohun olómi sọ́tọ̀: isopropyl alcohol wà ní nǹkan bíi 18, kẹrosíìnì ò ju nǹkan bíi 1.8 lọ. Àlàyé wọn ni pé ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ ga, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù lójú irin ń mú kí iná kéékèèké máa ta sí i. Ohun tí èmi náà rí nìyẹn lórí ojú irin mi: ibi tí mo fi kẹrosíìnì nù pẹ́ kó tó dúdú ju ibi tí mo fi síípírìtì nù.

Torí náà: pa iná, ṣí fèrèsé, kán kẹrosíìnì tó mọ́ sára aṣọ funfun, ìwọ̀nba tí aṣọ fi rin díẹ̀. Nù ún títí aṣọ ò fi dúdú mọ́, kí o wá fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo rẹ̀ kúrò. Má jẹ́ kó kan ara ọkọ̀ tàbí rọ́bà táyà, ó lè bà wọ́n jẹ́. Kò sí sìgá, kò sí àbẹ́là, kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí.

* * *

Àbúrò wa ti padà láti Ọ̀fà. Ó ní mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé réèlì òun, ó funfun. Ó béèrè ohun méjì: ibi tí ojú irin ti yà sí méjì ńkọ́, ṣé kóun ra ẹ̀rọ tòun?

Ibi tó yà sí méjì: kò tíì lẹ̀ mọ́ pákó, torí náà ó lè wọ inú ẹ̀rọ tí ọ́ìlì bá ti kún ìdí rẹ̀, nínú omi tí kò gbóná, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ṣọ́ sípíríǹgì kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó máa ń fò jáde. Tó bá ní mọ́tọ̀ tàbí wáyà lára, aṣọ ni kí o lò. Ibi tí ahọ́n tó ń sún ti ń kan réèlì ni kí o fara balẹ̀ nù, inú àti ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń kú jù.

Rírà: ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ò tíì tó ohun tí wàá torí ẹ̀ ra ẹ̀rọ. Mú ìgò rẹ, omi rẹ àti táyà rẹ lọ bá ọmọkùnrin oní-fóònù yẹn, sanwó fún un, kí o dúró tì í. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ní kó ti ègé fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ bọ inú omi fún ìṣẹ́jú kan. Tí fọ́ìlì bá jáde pẹ̀lú ihò kéékèèké káàkiri, ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá ní ihò kankan, ariwo lásán ló ń pa, mú táyà rẹ kúrò níbẹ̀. Tí o bá sì padà ra tìrẹ lọ́jọ́ iwájú, èyí tó kéré ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 35 sí 60, ínfátà ilé á gbé e.

Fi ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ṣáájú. Tò ojú irin tí o ti nù sílẹ̀ ní òbíríkítí, jẹ́ kí ó sáré lórí rẹ̀, kí o tó tú méjì tó kù.